ÀLÀYÉ: Ṣé pípa fáìlì ìgbà díẹ̀ rẹ́ tó láti dènà olè orí ayélujára?

Oríṣi ìmọ̀ràn méjì kan máa ń yí ká lórí Facebook, WhatsApp àti TikTok. Ọ̀kan ní kí ẹ pa gbogbo fáìlì tó wà nínú fódà Temp rẹ́, pé bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, olè kankan kò ní rí ọ̀nà wọ inú kọ̀ǹpútà yín. Èkejì ní kí ẹ da ìlà àṣẹ kan kọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú fèrèsé dúdú kan lórí kọ̀ǹpútà, kí Microsoft Office tàbí CapCut lè di ọ̀fẹ́ fún yín.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ kò tó. Èkejì léwu púpọ̀. Ohun kan náà ló sì wà nídìí àwọn méjèèjì: àwọn fáìlì tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń ṣẹ̀dá fún ìgbà díẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fojú rí.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn Yorùbá tó wà ní Abidjan gan-an. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ní Ọ̀ṣun ti ń ṣòwò ní Treichville àti Adjamé. Lónìí, orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ òǹtajà ti ń gba ìwé owó ọjà, àwòrán ọjà àti nọ́ńbà àkáǹtì, orí fóònù náà ni wọ́n sì ti ń fi owó ránṣẹ́. Bí ẹlòmíràn bá lè ti ọwọ́ bọ ibi tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wà kí ẹ tó ṣí i, owó yín lè gba ibòmíràn lọ.

Nínú àlàyé yìí, a ó sọ bí ewu náà ṣe ń ṣẹlẹ̀, ìdí tí pípa fáìlì rẹ́ nìkan kò fi lè yanjú rẹ̀, àti ohun tí ẹ lè ṣe.

Kí ni fáìlì ìgbà díẹ̀?

Nígbà tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà, tí ẹ ń gba fídíò sílẹ̀ tàbí tí ẹ ń tẹ ìwé jáde, kọ̀ǹpútà nílò ibi tí yóò gbé iṣẹ́ tí kò tíì parí lé. Yóò ṣẹ̀dá fáìlì kan, yóò lò ó, ó sì yẹ kí ó pa á rẹ́ lẹ́yìn náà. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, inú fódà tí wọ́n ń pè ní /tmp ni ọ̀pọ̀ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Lórí Windows, àkáǹtì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà náà ló ní fódà Temp tirẹ̀.

Fáìlì ìgbà díẹ̀ kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà má ṣẹ̀dá rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ á dúró. Ìbéèrè tó yẹ ká béèrè ni pé: ta ni ó tún lè ti ọwọ́ bọ ibi tí fáìlì náà wà?

Ibí yìí ni /tmp ti yàtọ̀. Ibi àjùmọ̀lò ni. Gbogbo ẹni tó bá ní àkáǹtì lórí kọ̀ǹpútà náà ló lè ṣẹ̀dá fáìlì síbẹ̀. Òfin kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnì kan pa fáìlì ẹlòmíràn rẹ́. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò ní kí ènìyàn má ṣe gbé nǹkan tirẹ̀ síbẹ̀ de ẹlòmíràn.

Àlàfo tó jáde ní ọdún 2000

Fèrèsé dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, dípò kí a máa fi ọwọ́ kan àwòrán, ni shell ń gbé. Shell ni ètò tó ń ka àṣẹ tí a tẹ̀, tó sì ń mú un ṣẹ. PowerShell jẹ́ ọ̀kan lórí Windows. Bash àti zsh wà lórí Linux àti Mac. Àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ńlá ní báǹkì, ilé-iṣẹ́ fóònù àti iléeṣẹ́ ìjọba máa ń lò ó lójoojúmọ́.

Ní ọdún 2000, ó hàn síta pé shell mẹ́rin tó gbajúmọ̀, ìyẹn tcsh, csh, sh àti bash, ní àlàfo kan náà. Orúkọ tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àlàfo kọ̀ǹpútà lágbàáyé ni CVE-2000-1134. Àwọn tó ń ṣe Linux àti irú rẹ̀, bíi Red Hat, Debian àti FreeBSD, gbé àtúnṣe jáde.

Ohun tó fà á nìyí. Bí ẹni tó ń lo shell bá kọ àmì << sínú àṣẹ rẹ̀, ó ń sọ pé kí shell kó àwọn ìlà ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ó sì gbé wọn fún ètò mìíràn. Kí shell tó lè ṣe èyí, ó máa ń kọ àwọn ìlà náà sínú fáìlì ìgbà díẹ̀ kan nínú /tmp. Àṣìṣe méjì ló wà nínú bí ó ṣe ń ṣe é.

Àkọ́kọ́, orúkọ fáìlì náà rọrùn láti mọ̀ ṣáájú. Ara nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ni shell ti ń mú un. Lórí Linux nígbà náà, nọ́ńbà yìí kì í sábà kọjá 32,768, ó sì máa ń tẹ̀ léra. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi lè múra sílẹ̀ de gbogbo wọn.

Èkejì, shell kì í wò ó bóyá nǹkan kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orúkọ yẹn. Yóò kàn ṣí i, yóò sì kọ̀wé sí i.

Ẹ jẹ́ ká fi gáréjì ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní yàrá ẹrù kan wà tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sára igun kọ̀ọ̀kan. Ìránṣẹ́ ọ̀gá gáréjì ń bọ̀ wá gbé ẹrù sí igun 47. Ẹnì kan mọ̀ pé 47 ló kàn, torí pé 46 ni wọ́n lò gbẹ̀yìn. Ó sáré kọ ìwé sí igun náà: "Gbé e lọ sí yàrá ọ̀gá, kí o sì fi rọ́pò ìwé àkáǹtì tó wà lórí tábìlì." Ìránṣẹ́ náà kò béèrè ẹni tó kọ ọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ọ̀gá, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ní i, ìyẹn náà ló sì tó fún un.

Lórí kọ̀ǹpútà, ìwé tí wọ́n kọ sí igun yẹn ni fáìlì atọ́ka, tí kò ní ohun mìíràn nínú ju pé "ibòmíràn ni kí o lọ". Ìránṣẹ́ ni shell tó ń ṣiṣẹ́ fún alábòójútó. Bí fáìlì atọ́ka náà bá tọ́ka sí fáìlì pàtàkì kan tó jẹ́ ti alábòójútó, shell á kọ ọ̀rọ̀ mìíràn bo ohun tó wà nínú rẹ̀. Báyìí ni ẹni tí kò ní àṣẹ kankan lórí fáìlì kan ṣe lè bà á jẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe tún un ṣe?

Àtúnṣe náà kò ní í ṣe pẹ̀lú pípa fáìlì rẹ́. Ìgbà tí fáìlì náà ń di ṣíṣẹ̀dá ni wọ́n tún ṣe. Wọ́n jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò sí ẹni tó lè mọ̀ ṣáájú. Wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ láti ṣẹ̀dá rẹ̀ bí nǹkan kan bá ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà. Wọ́n sì jẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tó ni ín nìkan ló lè kà á.

Àṣẹ kan wà tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, mktemp ni orúkọ rẹ̀. Láti Linux 3.6, tó jáde ní ọdún 2012, ààbò mìíràn tún wà: kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti tẹ̀ lé fáìlì atọ́ka tí ẹlòmíràn gbé sínú fódà àjùmọ̀lò bíi /tmp.

Síbẹ̀, ewu náà kò tíì tán. Ààbò tó wà nínú shell kò lè gba ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣẹ tí kò láàbò. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ní kí kọ̀ǹpútà máa kó àkọsílẹ̀ oníbàárà sínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ kì í yí padà nínú /tmp, ẹlòmíràn tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà lè rí i kà.

Kí ló dé tí pípa á rẹ́ kò fi tó?

Ẹ ti rí i pé fáìlì tí shell ṣẹ̀dá nínú àpẹẹrẹ yẹn lè má pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ tó rántí láti pa á rẹ́, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Olè náà ti wà níbẹ̀ kí fáìlì tó dé.

Pípa fáìlì ìgbà díẹ̀ rẹ́ wúlò fún nǹkan méjì: ó ń gba àyè padà, ó sì ń dín ohun tí ẹlòmíràn lè bá nílẹ̀ kù. Kò lè dá páásìwọ́ọ̀dù tí wọ́n ti jí padà. Kò sì lè ti ilẹ̀kùn tí áàpù burúkú kan ń gbà wọlé.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan fóònù?

Bẹ́ẹ̀ ni. Android kò ní /tmp tí gbogbo áàpù jọ ń lò, ṣùgbọ́n ó ní ibi ìkópamọ́ àjùmọ̀lò, níbi tí àwòrán àti fídíò máa ń wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, áàpù èyíkéyìí tí ẹ bá fún láyè láti lo ibẹ̀ lè ka fáìlì áàpù mìíràn, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, Google fi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ han iléeṣẹ́ Epic Games nínú áàpù tí wọ́n fi ń gba eré Fortnite sílẹ̀. Áàpù náà máa ń gbé eré tó gbà sí ibi àjùmọ̀lò. Lẹ́yìn tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ojúlówó ni, áàpù mìíràn lè sáré fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀ kí fóònù tó gbà á wọlé. Epic tún un ṣe láàárín ọjọ́ mélòó kan, nípa gbígbé fáìlì náà lọ sí ibi tí áàpù wọn nìkan lè dé.

Ní oṣù Keje ọdún 2019, àwọn olùwádìí Symantec fi hàn pé ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí fáìlì WhatsApp lórí Android, àti sí ti Telegram bí ènìyàn bá ní kó máa kó àwòrán sí ibi àjùmọ̀lò. Nínú àfihàn wọn, áàpù burúkú kan tó wà lórí fóònù náà yí nọ́ńbà àkáǹtì inú ìwé owó ọjà padà kí ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí tó ṣí i. Ẹni tó fi ránṣẹ́ kò ṣe àṣìṣe kankan. Ìdáàbòbò tí WhatsApp fi ń di ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kò sì lè ràn wọ́n lọ́wọ́, torí pé fáìlì náà ti dé inú fóònù, ó sì ti tú sílẹ̀.

Láti Android 10 àti 11 ni Google ti ń dín àyè tí áàpù ní sí fáìlì ẹlòmíràn kù. Fóònù tòkunbọ̀ tó ṣì wà lórí Android àtijọ́ kò ní ààbò yìí.

"Da àṣẹ yìí kọ": ìdí tó fi léwu

Láti ọdún 2024 ni àwọn iléeṣẹ́ ààbò bíi Proofpoint àti Microsoft ti ń kìlọ̀ nípa ẹ̀tàn kan tí wọ́n ń pè ní ClickFix. Ojú-ewé kan á jáde lórí kọ̀ǹpútà yín, á ní kí ẹ fi hàn pé ènìyàn ni yín, tàbí pé nǹkan kan bàjẹ́ tó yẹ kí ẹ tún ṣe. Á ní kí ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, kí ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú V, kí ẹ wá tẹ Enter. Ohun tí ẹ lẹ̀ síbẹ̀ jẹ́ àṣẹ tí ojú-ewé náà ti fi pamọ́ sí ọwọ́ yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Shell á mú un ṣẹ, á sì lọ gba ètò olè wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Trend Micro ròyìn pé ẹ̀tàn yìí ti dé TikTok. Àwọn fídíò kan ní àwọn á fi bí ènìyàn ṣe lè lo Windows, Office, CapCut tàbí Spotify lọ́fẹ̀ẹ́ hàn, bí ó bá tẹ àṣẹ kan sínú PowerShell. Ètò tí àṣẹ náà gbà wá, Vidar tàbí StealC, máa ń jí páásìwọ́ọ̀dù àti ìsọfúnni mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn fídíò náà ní ìwòran tó sún mọ́ 500,000.

Lórí Mac pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ ààbò ti rí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ tó ń gbé ètò olè sínú /tmp, pẹ̀lú orúkọ tí kò fu ènìyàn lára, bíi "update", tí á sì ṣí i lójú ẹsẹ̀.

Ẹ rántí ìránṣẹ́ tó ní kọ́kọ́rọ́. Nínú ẹ̀tàn yìí, ẹ̀yin gan-an ni ìránṣẹ́ náà. Olè kò ní kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà yín, ó kàn kọ ìwé fún yín pé kí ẹ bá òun ṣílẹ̀kùn.

Kí ni Abidjan lè kọ́ wa?

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2023, INTERPOL kéde pé ọwọ́ ti tẹ ẹnì kan tí wọ́n fura sí pé ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ẹgbẹ́ OPERA1ER. Côte d'Ivoire ni ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n pè ní Nervone. Ìròyìn tí Group-IB gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 sọ pé láàárín ọdún 2018 sí 2022, ẹgbẹ́ náà ṣe ìkọlù tó lé ní 30 sí báǹkì àti iléeṣẹ́ fóònù, pàápàá ní Áfíríkà, wọ́n sì jí ó kéré tán mílíọ̀nù 11 dọ́là.

Kì í ṣe inú /tmp ni wọ́n gbà wọlé. Ímeèlì ẹ̀tàn tí wọ́n fi èdè Faransé kọ, tí fáìlì burúkú sì so mọ́, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan nínú ìròyìn yẹn bá ọ̀rọ̀ wa mu: irinṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n lò, kò sí àlàfo tuntun tí ayé kò mọ̀. Wọ́n lè wà nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan fún oṣù mẹ́ta sí méjìlá, kí wọ́n máa wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kí wọ́n tó gbé owó. Nínú ìkọlù kan, àkáǹtì tó lé ní 400 ni wọ́n fi pín owó náà gbà.

Ẹni tó ti wọ inú ilé báyìí ni irú àlàfo bíi ti ọdún 2000 wúlò fún. Ó ní àkáǹtì kékeré kan lọ́wọ́, ó sì ń wá bí yóò ṣe di ọ̀gá. Ìdí nìyí tí fáìlì kékeré tí òṣìṣẹ́ kan kò kà sí fi lè di ọ̀rọ̀ owó gbogbo oníbàárà.

Kí ni ẹ lè ṣe?

1. Ẹ má ṣe lẹ àṣẹ tí ẹ rí nínú fídíò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣọwọ́ sí yín tàbí ojú-ewé kankan mọ́ PowerShell, Terminal tàbí àpótí tí Windows pẹ̀lú R ń ṣí. Kò sí àyẹ̀wò pé "ènìyàn ni yín" tó nílò rẹ̀.

2. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn láti yí páásìwọ́ọ̀dù ímeèlì, báǹkì àti Facebook yín padà, kí ẹ sì lé gbogbo ẹ̀rọ tó ṣì wà lórí àkáǹtì yín jáde.

3. Kí ẹ tó san owó sí àkáǹtì tí ẹ rí nínú ìwé owó ọjà lórí WhatsApp, ẹ pe ẹni náà lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó ka nọ́ńbà àkáǹtì náà fún yín.

4. Nínú WhatsApp lórí Android, ẹ lọ sí ìtò àwọn ọ̀rọ̀ ìtàkùrọ̀sọ, kí ẹ pa ohun tó ń jẹ́ kí àwòrán àti fídíò hàn nínú Gallery. Nínú Telegram, ẹ pa "Save to Gallery".

5. Ẹ wo àwọn áàpù tí ẹ fún láyè láti rí fáìlì yín. Áàpù tọ́ọ̀ṣì kò nílò rẹ̀. Ẹ máa gba àtúnṣe Android wọlé ní kété tó bá ti dé.

6. Ní sábà káfé tàbí ibi ìtẹ̀wé, àkáǹtì kan ni gbogbo oníbàárà sábà máa ń lò, torí náà inú fódà kan náà ni fáìlì gbogbo yín wà. Bí ẹ bá tẹ páálí ìdánimọ̀ tàbí ìwé ìrìnnà yín jáde, ẹ pa á rẹ́ nínú fódà ìgbàsílẹ̀, ẹ da àpótí ìdọ̀tí nù, ẹ sì jáde kúrò nínú WhatsApp Web láti orí fóònù yín. Níbí, pípa rẹ́ ṣe pàtàkì.

7. Bí ẹ bá ń kọ àṣẹ shell fúnra yín, ẹ lo mktemp dípò orúkọ tí ẹ fọwọ́ kọ, ẹ má ṣe fi $$ ṣe orúkọ fáìlì, ẹ kọ umask 077 sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ní kí shell pa fáìlì náà rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ má ṣe kó páásìwọ́ọ̀dù sínú /tmp.

Tí wọ́n bá ti lù yín ní jìbìtì ní Côte d'Ivoire, ẹ fi ẹjọ́ náà sun PLCC, ẹ̀ka tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí ayélujára tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2011. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá kọlu kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè kàn sí CI-CERT. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2013 ka wíwọ inú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà lọ́nà jìbìtì sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má ṣe pa ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán tó lè jẹ́ ẹ̀rí rẹ́ kí ẹ tó lọ.

Àkótán

Fáìlì ìgbà díẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá yín, pípa á rẹ́ nìkan kò sì lè dáàbò bò yín. Ewu wà níbi tí ẹlòmíràn bá ti lè débẹ̀ ṣáájú fáìlì náà, tàbí tí ó lè pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù ti dí púpọ̀ nínú àwọn àlàfo yẹn, bí ẹ bá ń gba àtúnṣe wọn wọlé. Àṣẹ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín lẹ̀ mọ́ shell ni àtúnṣe kankan kò lè bá yín dá dúró. Bí ọ̀rẹ́ bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ má ṣe fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn.